Atalẹ̀ ní Alágoméjì

Àpò mọ́kànlá ló wà nínú páálí náà,
òkùn pupa ni wọ́n fi dì wọ́n.
Lẹ́tà ara wọn dà bí ilé kéékèèké
tó ní fèrèsé tí kò ní ilẹ̀kùn.
Mo tú ọ̀kan, mo gbé e sí imú.
Gbòǹgbò kan ń rùn bí àpótí aṣọ ìyá mi,
òmíràn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.
Èso pupa kan hunjọ bí àwọ̀ ọwọ́ mi.
N kò mọ̀ wọ́n, wọn kò mọ̀ mí,
àfi ẹyọ kan tó sá sí ìsàlẹ̀ páálí:
“Háà, atalẹ̀! Ìwọ náà dé bí?”

Ayálégbé òkè wa ni Ṣiúlan,
ọkọ rẹ̀ ń ta táìlì ní Orílé.
Ọjọ́ kẹrin tó bímọ rèé.
Ooru oṣù kẹta, iná ò sí,
síbẹ̀ ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó fi fìlà onírun bo etí.
Mo ní, “Ọmọ mi, omi ti hó, dìde.”
Ó mirí. Ó na fóònù sí mi.

Ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ní Foṣán,
níbi tí òru ti ń wọlé kí oòrùn tiwa tó rọ̀.
Físà ni wọn ò tíì fún un.
Ó ń sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ń fi gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ bù ú fún mi:
omi kò gbọdọ̀ kan òun fún ọgbọ̀n ọjọ́,
atẹ́gùn kò gbọdọ̀ rí òun.
Ọgbọ̀n ọjọ́! L'Ékòó! Lóṣù kẹta!
Èmi tí mo ti fi aṣọ ìnura àti omi gbígbóná
te ikùn ìyá ọlọ́mọ mọ́kàndínlógójì,
wọ́n á ké “yéè” láàárọ̀, wọ́n á dúpẹ́ lálẹ́.
Mo ní, “Sọ fún Màmá pé kò ṣeé ṣe.”
Màmá fèsì. A ò gbọ́ra wa,
ṣùgbọ́n mo mọ ohùn yẹn.
Òun ni mo fi bá Ìbídàpọ̀ sọ̀rọ̀
nígbà tó bí tirẹ̀ sí Winipẹ́ẹ̀gì,
tí yìnyín dí ẹnu ọ̀nà wọn,
tí mo ń pariwo pé, “Jókòó sórí omi gbígbóná!”
tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.

Ẹnu mi rọ̀.

Mo gbé atalẹ̀ sójú fóònù, mo fi odó hàn án,
mo nawọ́ sí ìkòkò omi.
Ìyá náà dákẹ́. Ó súnmọ́ wa
títí n kò fi rí ju ẹyinjú kan lọ.
Ó wá na ìka mẹ́ta sókè.
Ẹyọ mẹ́ta ni, àbí wákàtí mẹ́ta,
àbí kí n sè é lẹ́ẹ̀mẹta?
Mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
A ti fèrèsé pa, mo wẹ̀ ẹ́,
òógùn ń bọ́ lára àwa méjèèjì.

Gbòǹgbò yòókù ni mo kọ̀ láti sè.
Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára rẹ̀ ju bó ti yẹ.
Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, a lọ bá Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́.
Kó tó béèrè, Ṣiúlan ti ń mirí: òun ò mu nǹkankan.
Mo mọ irọ́ yẹn dáadáa,
èmi tí mo fi ìgò àgbo pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì
ní Mátánítì Àìláǹdì, lọ́dún tí mo bí Ìbídàpọ̀.
Mo tú báàgì sórí tábìlì.
Nọ́ọ̀sì mú gbòǹgbò kan, òun náà gbé e sí imú.
Ó ní, “Èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá ná.
Ọbẹ̀ adìyẹ yẹn, ẹ máa sè é lọ.”

Lálẹ́, mo gbé fóònù ti agolo iyọ̀.
Aago méjì òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, kò sùn,
ó ń wò mí bí mo ti ń da èso pupa sínú omi adìyẹ.
Mo bu ata sí i.
Ó pariwo.
Mo ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.